Ìbọn tí òfin gbà, ọta tó bá a mu, àti ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ọmọ Yorùbá tó wà lájò

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti gbòde, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní ìlú àjò, ì báà jẹ́ Kánò, Jọ́ọ̀sì, Mínà tàbí Jalíńgò: "Ṣé n kò lè ra ìbọn kékeré kan kí n máa fi sábẹ́ aṣọ ni?" Ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà ló sábà máa ń béèrè jù, torí ó ti rí fọ́tò. Ní ìpínlẹ̀ Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì sọ pé kò gbọdọ̀ ní ìbọn, lè gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ láìgba ìwé àṣẹ kankan. Yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, yóò yan àpò awọ tí yóò so mọ́ ìdí, yóò yan bẹ́líìtì tó le, yóò yan ọta èyí tó wù ú, yóò sì sanwó bí ẹni ra bàtà.

Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kó yé ara wa, torí ẹni tó bá fi ojú Houston wo ọ̀rọ̀ ìbọn ní Kàdúná, ẹ̀wọ̀n ló ń wò yẹn.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ìbọn nílẹ̀ wa ni Firearms Act. Láti ọdún 1959 ló ti wà, òun náà la ṣì ń lò, Cap F28 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ òfin ọdún 2004. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ìpín kìíní ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀: àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62 tàbí 9 mìlímítà, pọ́ǹpù-áṣọ̀n gbogbo, àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo pátá. Mo ní gbogbo pátá, torí òfin náà dárúkọ ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí pàápàá. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnì kan ní èyíkéyìí nínú wọn. Kọmíṣánnà ọlọ́pàá kò lè fún èèyàn, gómìnà kò lè fún èèyàn, ọ̀gá ẹgbẹ́ fijilanté kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀.

Ìpín kejì ni ìbọn tí ará ìlú lè ní: ìbọn ọdẹ tí kì í fúnra rẹ̀ gbé ọta wọlé, ìyẹn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a ń ṣẹ́ sí méjì ká tó ki ọta sí i, ìbọn ọdẹ ọlọ́ta kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí nínú ìpín kìíní, àti ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń pa ẹyẹ. Ẹ fi etí sí èyí tó kẹ́yìn yẹn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun ìṣeré ni, wọ́n á rà á fún ọmọ ní Kérésì, bẹ́ẹ̀ òfin fi sáàárín ìbọn tó ń gba láísẹ́ńsì. Ọ̀gá àgbà pátápátá àwọn ọlọ́pàá ni òfin fún láṣẹ láti fọwọ́ sí láísẹ́ńsì ìpín kejì yìí.

Ìpín kẹta ni ṣakabùlà, ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ti ẹnu ki ẹ̀tù àti ọta sí. Aláṣẹ tí ìpínlẹ̀ bá yàn ló ń fúnni ní ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a wà lájò gan-an. Ìwé tí bàbá ọdẹ gbà ní Ṣakí tàbí ní Ìkirè, ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ló fún un. Tó bá gbé ìbọn náà lọ sí oko tó fẹ́ dá ní ìpínlẹ̀ Niger tàbí Taraba, ìwé ilé lè má gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá ibẹ̀. Kó tó di pé ó gbé ìbọn kúrò nílé ni kó ti béèrè ní ìpínlẹ̀ tó ń lọ. Ìdámọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn náà, ìpínlẹ̀ tó bá ní òfin Àmọ̀tẹ́kùn nìkan ló ti ní agbára. Kò ní agbára kankan tí a bá ti kọjá ibẹ̀.

Ìyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn ìpín kìíní mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni òfin náà kọ sílẹ̀. Òfin kejì tún wà, Robbery and Firearms Act, tó sọ pé ẹni tó bá ní ìbọn lọ́nà tó tako Firearms Act lè san ₦20,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ má wo ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà yẹn kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ adájọ́ ló wà bóyá owó ni tàbí ẹ̀wọ̀n, àti pé òfin yìí kò béèrè bóyá ẹ jalè tàbí ẹ kò jalè. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ yín ti tó.

Ohun tó tún máa ń kó èèyàn sí wàhálà ni ẹ̀yà ìbọn. Nínú òfin wa, ẹ̀yà ìbọn náà ìbọn ni. Bí àbúrò yín bá fi ilé ọta pístù kan tàbí irin ẹnu rẹ̀ sínú bàrẹ́ẹ̀lì ẹrù tó ń bọ̀ láti Baltimore, pé "ẹ kàn bá mi tọ́jú rẹ̀", ìbọn ìpín kìíní ló fi ránṣẹ́. Ọta náà rí bẹ́ẹ̀: òfin ka ọta àti ẹ̀yà ọta pọ̀. Níhà ọ̀hún pàápàá, kíkó ìbọn jáde ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ ìjọba wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, nítorí náà ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ni yóò jọ jẹ̀bi. Àwọn aṣọ́bodè kì í sì í ṣe afọ́jú. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, pọ́ǹpù-áṣọ̀n 661 ni wọ́n gbá mú ní Èkó nínú ẹrù tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò lójú.

Àpò pístù lásán, èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìbọn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe? Tí sójà bá rí i nínú mọ́tò yín lójú ọ̀nà Bírínín-Gwárí, ìbọn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni yóò máa wá, ẹ̀yin lẹ ó sì ṣàlàyé ibi tó wà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí gómìnà ní ká ra ìbọn?" Ọ̀rọ̀ Zamfara ni wọ́n ń sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé kí ará ìlú múra láti ní ìbọn kí wọ́n lè gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú, wọ́n sì ní kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá fún àwọn tó bá yẹ ní láísẹ́ńsì. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà àwọn ológun nígbà náà, Lucky Irabor, fi sọ pé gómìnà kò ní agbára láti pàṣẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwa àlejò ni ọ̀rọ̀ báyìí máa ń bá jù. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ní ẹ gbé ìbọn, tí ìjọba àpapọ̀ ní ẹ má gbé e, onílé lè rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ ní tèṣọ̀n. Èmi àti ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní àlejò láti ogójì ọdún, ìwé ọwọ́ wa nìkan ni yóò gbà wá.

Nítorí náà, ìbọn tó kù tí a lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ohun tí a fẹ́ rà ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní dọ́bù-bárẹ̀ẹ̀lì. Òun ni olóko tó wà ní Mọ́kwà tàbí ní Kàbbà lè fi lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo, tí ọdẹ sì lè fi ṣọdẹ láìbá òfin jà.

Ìwé ló ń ṣáájú ìbọn. Ẹ má ra ìbọn kí ẹ tó wá láísẹ́ńsì o. Orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń fúnni ní láísẹ́ńsì lásìkò yìí. Òfin sọ irú ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fún: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí ẹ bá wo gbólóhùn yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni tó jà nínú ọjà, tí wọ́n gbé dé kóòtù, tó sì jẹ̀bi, ti ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́ fún ọdún márùn-ún. Àṣẹ láti ní ọta wà nínú ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ẹni tó ti ní ìbọn kàn lè lọ máa ko páálí ọta jọ bí ó ti wù ú. Láísẹ́ńsì kì í ṣe ohun tí à ń gbà lẹ́ẹ̀kan títí ayé, ẹ gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ lọ́yà tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú fóònù. Ojúlówó náà ni yóò máa bá ìbọn rìn.

Ó wá kan ọta. Ibí yìí ni ìnáwó ìwé kò lè gbani, ojú ara ẹni ló ń gbani. Ọta ìbọn ọdẹ, tí a ń pè ní kàtíríìjì, kì í ṣe ọta ẹyọ kan. Ike ni ara rẹ̀ (ti àtijọ́ jẹ́ bébà), ìdí rẹ̀ jẹ́ idẹ, ẹ̀tù wà nísàlẹ̀, ìdérí wà láàárín, ọta òjé wẹ́wẹ́ ló wà lókè. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni ìwọ̀n ẹnu ìbọn. Ìbọn tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni nọ́ńbà 12. Bí nọ́ńbà yìí ṣe jẹ́ ni pé tí a bá yọ́ òjé páùn kan, tí a pín in sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló ṣe wẹ́kú ẹnu ìbọn náà, ìyẹn bíi mìlímítà 18 àti ààbọ̀. Nítorí náà nọ́ńbà 20 kéré sí nọ́ńbà 12 ni, kò tóbi jù ú lọ. Èyí sì máa ń da àwọn èèyàn rú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lásán. Tí ẹ bá ṣèèṣì ki ọta nọ́ńbà 20 sínú ìbọn nọ́ńbà 12, kò ní dúró níbi tó yẹ. Yóò yọ̀ wọlé, yóò há sínú ẹnu ìbọn níwájú, tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn ẹ ó rò pé ìbọn ṣófo. Ẹ ó wá ki nọ́ńbà 12 lé e lẹ́yìn. Tí ẹ bá yìn ín, ìbọn yóò bẹ́ lé yín lọ́wọ́, ọwọ́ òsì tó di abẹ́ ìbọn mú ló sì sábà máa ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ọta nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Ilé tó bá ní ìbọn oríṣi méjì, kí ọta wọn má ṣe wọ àpótí kan náà láé. Kódà kí ọta nọ́ńbà 20 má wọ àpò ẹni tó gbé nọ́ńbà 12 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà kejì ni gígùn. Ẹ ṣẹ́ ìbọn sí méjì, ẹ wo abẹ́ irin ẹnu rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i: 65, 70 tàbí 76 mìlímítà; lórí òmíràn, ínṣì 2½, 2¾ tàbí 3. Ọta tí ẹ ó rà kò gbọdọ̀ gùn ju èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó wọlé!" Bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọlé. Gígùn tí wọ́n kọ sí ara páálí ọta jẹ́ gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín, tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ ti là tán. Ọta oní-ínṣì mẹ́ta lè wọ ilé oní-ínṣì 2¾ láìṣe wàhálà, àfìgbà tí iná bá mú un, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ráyè là. Ọ̀nà tí agbára yẹ kó gbà jáde yóò wá há. Àwọn ìbọn ògbólógbòó tí a jogún láyé Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu wọn kì í sábà gùn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kó kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, kó tó wá ọta kankan fún un.

Nọ́ńbà kẹta ni títóbi ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, èyí gan-an sì ni ohun tí àwọn ọdẹ máa ń jiyàn lé lórí. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ni ọta ń kéré. Nọ́ńbà 6 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 2.6, ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 2.8, nọ́ńbà 4 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 3.1, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.3. Nítorí náà, ẹ máa wo ibi tí wọ́n ti ṣe é. Fún àparò àti awó, nọ́ńbà 6 tó. Fún ehoro àti ọ̀yà, nọ́ńbà 4 ló dára lójú tèmi, torí ọ̀yà kì í dúró de èèyàn, ọta kéékèèké á sì kàn dá egbò sí i lára lásán. SG ni ti ẹran ńlá bí ìgalà, ọta kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8.4, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 00. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń ra ìbọn torí ìbẹ̀rù, SG ni wọ́n ń ra tìkàràkankan láti páálí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọta yẹn kì í dúró síbi tí ẹ fẹ́ kó dúró. Ògiri páákó àti ògiri amọ̀ tín-ín-rín kò lè dá a dúró, ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ni ọ̀pọ̀ wa sì ń gbé, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ń sùn lódì kejì.

Ẹ tún ro ti oko. Ìbọn ọdẹ kì í sábà pa ẹran dáadáa kọjá bíi mítà 35 sí 40. Ṣùgbọ́n ọta kì í parẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà 6 lè fò kọjá 200 mítà, SG sì lè kọjá 500 mítà. Láàárín 500 mítà yẹn, màlúù lè wà níbẹ̀, ọmọ darandaran tí a kò rí lè jókòó sábẹ́ igi. Ohun tí ẹ yìn sí ọ̀bọ nínú àgbàdo lè di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ó fi máa sun ṣọ́ọ̀bù àwọn Yorùbá ní àárín ìlú lọ́jọ́ kejì. Onílé lè ṣàṣìṣe kó jẹ́ àṣìṣe tirẹ̀ nìkan. Tiwa, wọn kì í bi wá pé ta ni. Gbogbo wa pátá ni wọ́n á ní a ṣe é. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀yìn ohun tó ń yìnbọn sí, kó má yìn.

Ọta tó ti pẹ́ kò ní àánú. Bí bébà rẹ̀ bá ti wú, bí idẹ ìdí rẹ̀ bá ti yọ àwọ̀ ewé, tàbí tó ti mu omi rí, ẹ kó o fún ọlọ́pàá tàbí oníṣòwò tó ní ìwé, ẹ má ní kí ẹ dán an wò. Tí ẹ bá fa ìbọn tí kò dún, ẹ má ṣẹ́ ẹ kíákíá. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn, ẹ dúró fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó ṣí i. Tó bá dún "pò" lásán bí ìgbà tí èèyàn tú kóòkì ìgò, ẹ dúró pátápátá, ẹ yọ ọta, kí ẹ yẹ ẹnu ìbọn wò bóyá nǹkan há síbẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá fi ìkánjú ki òmíràn lé e ni ìbọn máa ń là.

Ọta òfìfo ńkọ́? Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa fi fọn fèrè. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun lè bá yín tún un kì ní ìlàjì owó. Ṣíṣe ọta nínú ilé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn kan náà, yàtọ̀ sí pé ẹni tó ń wọn ẹ̀tù pẹ̀lú ojú lásán ń fi ojú yín tọrọ ni. Alágbẹ̀dẹ tó ní òun lè fi irin kún ẹnu ìbọn yín tàbí gé e kúrú náà ńkọ́? Ẹ sá fún un.

Nípa ẹran tí ẹ bá pa: òjé ni ọta wọ̀nyẹn. Ẹ gé ibi tí ọta bà kúrò, kí ó fẹ̀ díẹ̀, ẹ má kàn ṣa ọta jáde kí ẹ sì se ìyókù fún ọmọdé. Kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kì í pa ọpọlọ ọmọdé lára. Àwọn tó ń gbé ní Zamfara lọ́dún 2010 kò ní gbàgbé ohun tí eruku òjé láti ibi ìwakùsà góòlù ṣe fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀.

Nínú ohun èlò, ohun tí màá kọ́kọ́ ra kí n tó ra ohunkóhun ni ibi tí n ó tì í mọ́. Àpótí irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ògiri, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí láísẹ́ńsì. Kí ọta wà nínú àpótí mìíràn, kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Abẹ́ ibùsùn kì í ṣe ibi ìtọ́jú ìbọn, orí àjà náà kì í ṣe é. Ibẹ̀ ni ọmọ àti olè kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹlòmíràn á ní tí olè bá dé, ìgbà wo lòun máa ṣí àpótí méjì? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbọn tí olè bá jí lọ ní ilé yín, tó fi pa èèyàn, orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí olè wá sì kéré púpọ̀ sí ọjọ́ tí ọmọ wà nílé. Tí ìbọn bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, tèṣọ̀n ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ wá.

Èkejì ni àpò tí a fi ń gbé e. Àpò aṣọ tó ní fóòmù nínú dára fún ojú ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ìbọn kò gbọdọ̀ máa gbé inú rẹ̀ nílé. Fóòmù ń mu òógùn àti ìrì, láàárín oṣù kan péré irin á ti dógùn. Fún ìrìn àjò nínú mọ́tò, àpótí líle tó ní àgádágodo ló dára, kí ẹ sì tú ìbọn sí ẹ̀yà rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọta níbòmíràn. Bẹ́líìtì ọta wúlò fún ọdẹ inú igbó. Ẹ má so ó mọ́ ìdí wọ ọjà.

Epo àti ọ̀pá ìnuǹbọn kì í wọ́n, síbẹ̀ àwọn ni èèyàn máa ń fojú di jù. Ọ̀pá kan, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ kan tó jẹ́ ìwọ̀n nọ́ńbà 12, àkísà òwú tó mọ́, àti epo ìbọn tàbí epo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ọdẹ wa ń lo àdín àti òróró. Epo inú igi àti èso máa ń lẹ̀ bí oje tó bá pẹ́, kẹ̀kẹ̀ inú ìbọn á wá máa lọ́ra. Lápá òkè ọ̀hún, ọyẹ́ ló tún mú ọ̀rọ̀ yìí le: eruku ń fẹ́ epo púpọ̀, nítorí náà láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, epo tín-ín-rín ni, kí ẹ nù ún títí ó fi kù bíi pé kò sí. Nígbà òjò, ẹ lè mú un pọ̀ díẹ̀. Kí ẹ tó nù ún, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ìka kàn án. Ìbọn tí ẹ̀ ń nù ló máa ń pa ará ilé.

Ohun dídí etí náà ṣe pàtàkì. Ariwo ìbọn ọdẹ ń tó 150 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré lè ba etí jẹ́. Àwọn bàbá ọdẹ tó ń ní "kí lo wí?" nígbà gbogbo, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ṣe wọ́n. Tọ́ọ̀ṣì orí fún ọdẹ òru, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀, torí ojú méjì tó ń dán nínú òkùnkùn lè jẹ́ ti ewúrẹ́ onílé. Inú igbó ọba ìjọba àpapọ̀ bíi Kainji, Kamuku àti Gashaka-Gumti, kò sí ọ̀rọ̀ ọdẹ níbẹ̀ rárá, ní ọ̀sán tàbí ní òru.

Ọ̀rọ̀ gbígba ara ẹni là: ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, abala 33, gbà pé ẹni tó lo ipá tó mọ níwọ̀n láti gba èèyàn là lọ́wọ́ ìwà ipá, tàbí láti dáàbò bo dúkìá, lè má jẹ̀bi tí ẹnì kan bá kú níbẹ̀. "Tó mọ níwọ̀n" ni ilé ẹjọ́ yóò máa yẹ̀ wò. Olè tó ti kẹ̀yìn, tó ń sá lọ, kò sí nínú ìwọ̀n yẹn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá kí ẹlòmíràn tó pè wọ́n, ẹ pe lọ́yà, ẹ sì jẹ́ kí olórí àwọn Yorùbá ìlú náà gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kó lè lọ bá àwọn àgbà onílé kí ìròyìn èké tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó ku ìbọn bàbá. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó ti pẹ́ lókè ọ̀hún ló ní dọ́bù-bárẹ̀ẹ̀lì kan tí bàbá tàbí bàbá bàbá fi sílẹ̀, tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí ìwé rẹ̀ ti di yẹ́lò. Láísẹ́ńsì kì í ṣe ohun ìjogún. Ọjọ́ tí bàbá ti kú ni ìwé náà ti di ti òkú, ẹni tí ìbọn sì wà nínú yàrá rẹ̀ ni òfin ń wò. Ẹ má gbé e wọ mọ́tò lọ sílé fún ìsìnkú kí ẹ lè fi yin ìbọn ẹ̀yẹ. Lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja tàbí Jẹ́bà, ẹjọ́ ìbọn tí kò ní ìwé kì í gbọ́ pé bàbá ẹni ló ni ín. Ẹ má sì fúnra yín gbé e lọ sí tèṣọ̀n láìsọ fún wọn. Kí ẹnì kan nínú ìdílé lọ ní ọwọ́ òfìfo pẹ̀lú lọ́yà tàbí alága ẹgbẹ́, kó mú ìwé àtijọ́ náà àti ìwé ẹ̀rí ikú dání, kó bá DPO sọ̀rọ̀, kí ọlọ́pàá fúnra wọn wá gbé e tàbí kí wọ́n tẹ̀ lé e. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára irin ìbọn sínú ìwé tí wọ́n bá fún yín. Tí ọmọ kan bá wá fẹ́ ní in, bí wọ́n bá ń fúnni ní láísẹ́ńsì lásìkò náà, kó kọ̀wé gbà á ní orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ìbọn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ìwé tó ní nọ́ńbà yẹn lára ni yóò fi gbà á padà.